Ìjà kan, oorun kan: ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣó àti jagunjagun ní tábìlì wa

Lálẹ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí a ti ṣe eré ìtàn orí tábìlì wa, tí a sì ti kó dáìsì sínú àpò tán, ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà ti wà lọ́wọ́ wọn, àmọ́ wọn ò lọ. Wọ́n ní, “Àbúrò, má retí mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé n ò ní wá mọ́.”

Mo bi wọ́n pé ta ló ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ṣẹ àwọn. “Ṣé o rí i, bí mo wà níbẹ̀, bí n ò sí níbẹ̀, ibì kan náà ni ìjà yẹn máa parí sí. Tíṣà á ju iná, gbogbo wọn á kú, èmi á wá máa yẹ àpò òkú wò. Ṣé iṣẹ́ jagunjagun nìyẹn?”

N ò rí èsì fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, nítorí òótọ́ ni, àti nítorí pé èmi ni adarí eré. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ọjọ́ náà, èyí tí kò ṣiṣẹ́ àti èyí tó ṣiṣẹ́, ni mo kọ síbí fún ẹni tí irú rẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ sí ní tábìlì tirẹ̀.

Eré náà ni Dungeons & Dragons (D&D), nínú ìwé òfin tó jáde ní 2014. Adarí á sọ ohun tó wà níwájú, oníkálukú á sọ ohun tí ẹni tó ń ṣe fẹ́ ṣe, dáìsì olójú 20 á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Àgbà ni gbogbo wa, a níṣẹ́, a nílé, àwọn mìíràn lọ́mọ. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé àti fọ́tókọ́pì ni mò ń ṣe, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù mi là ń lò: tábìlì tí mo fi ń gé káàdì ìgbéyàwó ló ń di pápá ogun tó bá ti di aago 5 ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà ló ń ṣe jagunjagun, tí ìwé pè ní Fighter. Tíṣà físíìsì kan, ẹgbẹ́ mi, ló ń ṣe oṣó, ìyẹn Wizard. Nọ́ọ̀sì kan ló ń ṣe àwòrò òrìṣà, Cleric. Ìyá Ìbejì, tó ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba, ló ń ṣe Rogue, ẹni tí ìrìn rẹ̀ dà bí ti ológbò, tó ń yọ́ gún ọ̀tá lẹ́yìn. Ayọ́kẹ́lẹ́ là ń pè é. Ẹni tó kéré jù nínú wa, ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, ló ń ṣe Warlock. Nítorí pé ẹni náà bá agbára àìrí kan mulẹ̀ ló fi ń rí agbára lò, onímùlẹ̀ là ń pe tirẹ̀.

Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí a má pe Wizard ní oṣó, pé orúkọ burúkú ni. Mo ní kì í ṣe Òṣogbo la ti máa sá fún orúkọ yẹn. Ìtàn tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà ni pé nígbà tí àwọn tó tẹ ìlú yìí dó gé igi, tí igi wó lu odò, ohùn kan ké látinú omi pé, “Oṣó igbó, ẹ rọra o, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán,” ọ̀pọ̀ àgbà sì gbà pé ibẹ̀ ni orúkọ ìlú ti wá. Inú ìtàn yẹn gan-an ni mo ti yọ eré wa. Odò kan wà, ẹnì kan ń fọ́ ìkòkò aró lókè odò, oró inú aró sì ń ṣàn bọ̀ wá sílùú. Àwọn márùn-ún yìí ló gbọ́dọ̀ wọ igbó lọ bá a.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìṣúra ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú eré yìí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ihò 12, ọmọ 48, mẹ́rin-mẹ́rin. Bí o ṣe ní ni mo ní, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ló ń jẹ. Nínú D&D, kò sẹ́ni tó ní ohun tí ẹnì kejì ní. Ohun tí oníkálukú ń ná yàtọ̀, ìgbà tó ń padà sọ́wọ́ wọn náà sì yàtọ̀. Ní ìpele 5 tí a wà nígbà yẹn (ìpele ni àtẹ̀gùn agbára tí ẹni inú eré ń gùn bí eré ṣe ń lọ), oṣó ní àyè ọfọ̀ 9: mẹ́rin kéékèèké, mẹ́ta àárín, méjì ńlá. Tó bá pe ọfọ̀ kan, àyè kan ti tán nìyẹn, àfi tó bá sun oorun gígùn tó tó wákàtí 8. Òfin gbà á láyè kí ó gba díẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ nígbà ìsinmi ráńpẹ́, ìyẹn ìsinmi wákàtí kan, ṣùgbọ́n ohun tó lè gbà kò ju àyè ńlá kan lọ. Idà jagunjagun kì í tán. Ohun tó ń tán lọ́wọ́ rẹ̀ kéré: ìgbésẹ̀ àfikún, tó máa ń jẹ́ kó ṣá ọ̀tá ní ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan, àti èémí kejì, tó fi ń wo ara rẹ̀ sàn. Wákàtí kan péré tó bá fi jókòó sinmi, méjèèjì ti padà.

Ohun tó ń tán yìí ti wà láti 1974 tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré yìí jáde. Iṣẹ́ mẹ́ta péré ló wà nígbà náà, ajagun, onídán àti àwòrò, ọfọ̀ onídán sì máa ń tán. Títán yẹn ni owó tó ń san lórí agbára tó ní. Adarí tó bá mú títán kúrò ti fún un lágbára náà lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tí èmi sì ti ń ṣe láìmọ̀ nìyẹn.

Bí Sátidé wa ṣe ń rí rèé. Ikọ̀ á wọ igbó. Àwọn olórí ìkookò, ìyẹn abàmì tí orí wọn dà bíi ti ìkookò, márùn-ún tàbí mẹ́fà, á yọ sí wọn. Tíṣà á ní, “Ẹ má sún mọ́ wọn o,” á ju bọ́ọ̀lù iná, ọfọ̀ tó ń gba àyè ńlá kan, á tún ju ìkejì. Ẹ̀gbọ́n á rìn títí dé ọ̀dọ̀ ẹyọ kan tó kù, wọ́n á ṣá a, yóò kú. Tíṣà á wá wo ìwé rẹ̀, á ní, “Ó ti tán lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká sùn.” Wọ́n á sùn. Ilẹ̀ á mọ́. Àyè 9 ti pé padà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí ọ̀pọ̀ adarí máa kọ́kọ́ ṣe. Mo fún ẹ̀gbọ́n ní idà iná. Ó wà nínú ìwé: tí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ àṣẹ, idà náà á gbiná, gbogbo ibi tó bá bà ni yóò fi dáìsì olójú 6 méjì kún. Ó wù wọ́n lọ́sẹ̀ kìíní. Lọ́sẹ̀ kejì Ìyá Ìbejì bi mí léèrè jẹ́jẹ́ pé, “Ọmọ mi, kí lèmi ṣe tí n ò fi yẹ lẹ́bùn?” Wọ́n tọ̀nà. Iṣẹ́ ayọ́kẹ́lẹ́ ni kí ó gún ẹyọ ọ̀tá kan kí ó sì dùn ún jù. Idà tí mo fún jagunjagun ti gba ipò yẹn lọ́wọ́ wọn. Èyí tó wá dùn mí jù ni ohun tí ẹ̀gbọ́n fúnra wọn sọ: “Idà yẹn ló ń jà. Èmi kọ́.” Iná ni wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, àpá ẹ̀ta iná wà káàkiri apá wọn méjèèjì. Wọn ò wá sọ́dọ̀ wa nítorí iná.

Ohun kejì tí mo ṣe burú ju ìyẹn lọ. Mo kó àwọn ẹbọra tí iná kì í ràn wọ inú igbó. Tíṣà ju bọ́ọ̀lù kìíní, mo ní kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó ju ìkejì, bákan náà. Ó gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó wojú mi, ó ní, “Ṣé èmi ni o fẹ́ kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni? Sọ fún mi, má fi ẹbọra sọ ọ́.” Ìtìjú bá mi. Ó ti ra ìwé òfin, ó ti kà á, ó yan ọfọ̀ tó dáa, mo wá ń fìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Tí mo bá lè gba adarí mìíràn nímọ̀ràn kan ṣoṣo, kí ó má gba ọ̀nà yìí ni. Àárín àwọn tó jọ ń ṣeré ló ń bàjẹ́, ìdọ́gba ò sì dé.

Mo ní ìwé kan tí mo fi ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀, kí a lè rántí ibi tí a dé. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo jókòó, mo ka ìwé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, Sátidé 11. N ò wo iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan pa. Ìgbà tí wọ́n sùn ni mo ń wò. Ọjọ́ 14 inú eré ni ìjà ti wáyé. Nínú wọn, ọjọ́ 9 jẹ́ ìjà kan péré, ọjọ́ 4 jẹ́ ìjà méjì, ọjọ́ kan ṣoṣo ló ní ìjà mẹ́ta. Ìsinmi ráńpẹ́ nínú gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo wá ṣí ìwé tí wọ́n kọ fún adarí ní 2014. Ó wà níbẹ̀ gbangba: ikọ̀ lè kojú ìjà 6 sí 8, àwọn tí kò le jù, kí wọ́n tó sun oorun gígùn, wọ́n á sì nílò ìsinmi ráńpẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín rẹ̀. Mo ti ka ojú ìwé yẹn rí, mo sì ti fò ó kọjá. Orí ìwọ̀n ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé gbogbo iṣẹ́ lé, oṣó, jagunjagun, gbogbo wọn.

Mo fi fóònù ṣírò ó kí ó lè dá mi lójú. Idà ńlá ẹ̀gbọ́n, láìka iná rẹ̀, máa ń gba ẹ̀mí bí 11 lọ́wọ́ ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan tó bá bà á (nọ́ńbà la fi ń ka ẹ̀mí, tó bá ti tán, ẹni náà ṣubú), wọ́n sì ń ṣá lẹ́ẹ̀mejì ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan oníkálukú lẹ́ẹ̀kan. Ká ní nínú 100, ó ń ba ọ̀tá ní 65, bíi 14 nìyẹn ní ìyípo kan. Ìjà tó gba ìyípo 3, pẹ̀lú ìgbésẹ̀ àfikún, á jẹ́ bíi 57. Bọ́ọ̀lù iná kan jẹ́ dáìsì olójú 6 mẹ́jọ, bíi 28 lára ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá wà níbẹ̀, ìdajì lára ẹni tó bá rí i yẹ̀. Tí ọ̀tá 5 bá dúró pọ̀, tí 2 nínú wọn rí i yẹ̀, bọ́ọ̀lù kan ti jẹ́ 112, méjì jẹ́ 224. Lójúmọ́ oníjà kan, 57 rèé, 224 rèé. Ta ló máa fẹ́ ṣe jagunjagun?

Ẹ wá na ọjọ́ kan náà dé ìjà 6, pẹ̀lú ìsinmi ráńpẹ́ méjì. Ìyípo 18 ti fún jagunjagun ní bíi 257, ìgbésẹ̀ àfikún mẹ́ta fi bíi 43 lé e, 300. Oṣó, pẹ̀lú èyí tó gbà padà, ní bọ́ọ̀lù iná mẹ́ta, 336, àwọn ọ̀tá kì í sì í fìgbà gbogbo dúró pọ̀ bí agbo àgùntàn. Ó ní àwọn ọfọ̀ kéékèèké, òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìyípo ni yóò máa ju ẹta iná tí kì í tán, tí ìyẹn ò sì ju bí ìdajì ohun tí idà ń ṣe ní ìyípo kan lọ. Kò sẹ́ni tí mo fi nǹkan kún fún, kò sẹ́ni tí mo gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ nìkan ló gùn sí i.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rárá. Ọ̀dọ̀ onímùlẹ̀ ló wà. Àyè ọfọ̀ 2 péré ló ní, àmọ́ àyè ńlá ni méjèèjì, ìsinmi wákàtí kan sì ti tó láti dá wọn padà. Lójúmọ́ tó ní ìsinmi ráńpẹ́ méjì, ọfọ̀ ńlá 6 ni. Lọ́dọ̀ wa, 2 ló ń rí lò lójúmọ́. Oṣù mẹ́ta ni ọmọ yìí ti ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó tọ́ sí i, kò sì sọ̀rọ̀, torí òun ló kéré jù láàárín wa, ó sì rò pé bí iṣẹ́ òun ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí mo sọ fún un, ó kàn ní, “Ọ̀gá, mo ti ń rò pé èmi ni n ò mọ̀ ọ́n ṣe.”

Kí ló dé tí wọ́n fi ń sùn bẹ́ẹ̀? Nítorí kò sí ohun tí oorun ń ná wọn. Òfin sọ pé oorun gígùn kan ni ara lè jàǹfààní rẹ̀ láàárín wákàtí 24, àmọ́ mo máa ń sọ pé “ilẹ̀ ti ṣú, ilẹ̀ ti mọ́,” kí eré lè yá. Oṣó tún ní ọfọ̀ kan tó máa ń kọ́ ahéré alágbára yí wọn ká fún wákàtí 8. Tó bá fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá ṣètùtù rẹ̀, kò ní ná an ní àyè kankan. Ẹran igbó ò lè wọlé, ọ̀tá ò lè wọlé. Odò tí mo ní ó ń gbé oró bọ̀ wá sílùú, ó dúró dè wọ́n níbi tó wà lójoojúmọ́, bí ẹni tó ń retí mọ́tò ní garage. Ẹni tó bá ń sùn nírú ayé bẹ́ẹ̀ gbọ́n ni. Èmi ni mo kọ́ ayé náà.

Sátidé tó tẹ̀ lé e a ò ṣeré. Mo ti lọ bẹ ẹ̀gbọ́n ní ìsọ̀ wọn, wọ́n sì wá. Mo tẹ àwọn nọ́ńbà yẹn sórí ìwé, mo pín in fún gbogbo wọn, mo ní ẹ̀bi ò sí lọ́rùn tíṣà, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Tíṣà ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, “Tó bá jẹ́ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyí, n ò tíì ṣe oṣó rí nìyẹn. Mo kàn ń ju nǹkan ni.” Láti ìgbà yẹn ni mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ náà á ní ojútùú.

Ìwé adarí ní àbá kan, pé kí ìsinmi ráńpẹ́ di wákàtí 8, kí oorun gígùn di ọjọ́ 7. A jíròrò rẹ̀. Tíṣà ló rí àléébù rẹ̀: àwọn ọfọ̀ kan wà tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè pẹ́ wákàtí 8, bí ìhámọ́ra tí oṣó ń fi ọfọ̀ wọ̀, ìyẹn ò ní bá a dé ìjà kejì mọ́. A mú ìdajì àbá náà. A fi ìsinmi ráńpẹ́ sílẹ̀ ní wákàtí kan. A ní oorun gígùn ò ní wáyé nínú igbó mọ́, ahéré oṣó kò ju kí òjò má pa wọ́n lọ. Àfi lábẹ́ òrùlé, níbi tí iná àdáná wà, tí èèyàn mìíràn ń ṣọ́nà. Mo sì ya òpó méje sí ẹ̀yìn páálí kan, mo gbé e sáàárín tábìlì. Oorun gígùn kan, òpó kan dúdú, aró sún mọ́ ìlú sí i. Tí òpó keje bá dúdú, omi ìlú ti bàjẹ́. Ìyá Ìbejì, tí wọ́n ti ń ta aṣọ aláró fún ọ̀pọ̀ ọdún, na ìka sí páálí náà, wọ́n ní, “Èyí dáa. Ó yẹ kí ẹ̀rù máa ba èèyàn díẹ̀.”

Mo tún tẹ ìwé pélébé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àpótí kéékèèké lórí rẹ̀ fún gbogbo ohun tó ń tán. Ó ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Wákàtí méjì ààbọ̀ la ní lọ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè ní iṣẹ́ alẹ́, iná lè lọ, ìyàwó ilé lè pè. Ọjọ́ kan tó ní ìjà 6 á gbà wá ní Sátidé mẹ́ta. Tí kò bá sí àkọsílẹ̀ ohun tó kù lọ́wọ́ oníkálukú, gbogbo èèyàn á dé lọ́sẹ̀ kejì bí ẹni tó ti sùn.

Sátidé kejì nínú ọjọ́ gígùn yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ìjà kẹrin ni, lórí afárá igi kan. Olórí ìkookò 6 ń bọ̀ láti òdìkejì. Ní tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò ní gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tíṣà gbé ìka lé ìwé pélébé rẹ̀: àwọn àyè ńlá ti tán, àyè àárín kan ló kù, kékeré méjì. Ó dákẹ́ pẹ́. N ò rí i kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá ní, “Mo máa ta okùn aláǹtakùn sáàárín òpó afárá.” Ọfọ̀ àárín ni, kì í pa ẹnikẹ́ni. Ó ń dè wọ́n ni, ẹni tó bá sì kọlu ẹni tó wà nínú rẹ̀ á ju dáìsì méjì, á mú èyí tó pọ̀ jù. Mẹ́rin nínú wọn kó sí i.

Tíṣà yíjú sí ẹ̀gbọ́n. “Ẹ̀gbọ́n, idà yín. Iná máa jó okùn mi.”

Ìwé sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n wo idà tí mo fún wọn, ìyẹn ìlà kan tí wọ́n kọ sórí ìwé, gbogbo tábìlì sì ń wò wọ́n. Wọ́n ní, “Mo sọ ọ̀rọ̀ àṣẹ. Mo paná rẹ̀.” Wọ́n mú dáìsì méjì. Ọ̀kan dúró lórí 6, èkejì yí dé etí tábìlì kí ó tó dúró lórí 17. Wọ́n ṣá a. Wọ́n ṣá a lẹ́ẹ̀kejì. Ìsinmi ráńpẹ́ tí a ṣe lẹ́yìn ìjà kẹta ti dá ìgbésẹ̀ àfikún wọn padà, wọ́n fi àmì sí àpótí rẹ̀, wọ́n tún ṣá lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ọ̀kan kú, ọ̀kan ń ta gọ́ọ́-gọ́ọ́. Ìyá Ìbejì yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí igi afárá, okùn yẹn kan náà fún wọn láyè láti gún un bí ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe ń gún èèyàn, ìyẹn náà lọ. Onímùlẹ̀ ti ju ọfọ̀ ńlá rẹ̀ karùn-ún ọjọ́ náà. Ó kà á sókè, “Karùn-ún!”, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì wo inú ṣọ́ọ̀bù.

Ọwọ́ iná kò bá ẹnì kan níbi ìjà yẹn. Nígbà tí a tú ká, ẹ̀gbọ́n ká ìwé pélébé wọn, wọ́n fi sápò ẹ̀wù. Orí tábìlì ni wọ́n máa ń fi ìwé wọn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ bí a ṣe ń tún ibì kan ṣe, ibòmíràn ń já. Nọ́ọ̀sì ló fẹjọ́ sùn lẹ́yìn Sátidé kẹta. Ọjọ́ ti gùn, ọgbẹ́ ti pọ̀, gbogbo àyè ọfọ̀ rẹ̀ ló ń fi wo èèyàn sàn. Ó ní, “Mo kúrò ní wọ́ọ̀dù, mo tún dé wọ́ọ̀dù.” Ó dùn mí pé n ò ronú kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló rí ọ̀nà rẹ̀, nínú ìwé òfin: gbogbo ẹni tó wà ní ìpele 5 ló ní dáìsì ìwòsàn 5 tirẹ̀, tó lè jù nígbà ìsinmi ráńpẹ́ láti fi gba ẹ̀mí padà. Olójú 10 ni ti jagunjagun. Nítorí pé a kì í sinmi ráńpẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí pé òun ní in. Ó wá gbé òfin kalẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú ohùn tí mo rò pé àwọn aláìsàn rẹ̀ mọ̀ dáadáa: ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ní dáìsì ìwòsàn, kí ó má wo ọ̀dọ̀ òun, àfi tó bá ti ṣubú. Àyè tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ ló fi ń súre fún èèyàn mẹ́ta kí ìjà tó gbóná, dáìsì olójú 4 kún gbogbo ìṣá. Ọ̀pọ̀ ìṣá tí ẹ̀gbọ́n ń yangàn rẹ̀, àdúrà nọ́ọ̀sì ló mú un bá a.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ò tíì dáa ni àárín ìlú inú eré. Tí ikọ̀ bá ń bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń wádìí ta ló ra ìkòkò, oṣó àti onímùlẹ̀ ní ọfọ̀ fún un, ayọ́kẹ́lẹ́ ní ẹ̀tàn àti ọwọ́ fífẹ́, jagunjagun ní idà tí kò gbọdọ̀ yọ. Gígùn ọjọ́ ò wo ìyẹn sàn, àìpé inú iṣẹ́ náà gan-an ni. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń fi ohun tí ẹni tó ti jagun máa mọ̀ há ojú ọ̀nà wọn: àpá ara ẹ̀ṣọ́ kan, irin tí wọ́n fi fọ́ ìkòkò. Lọ́sẹ̀ kan, mo ní àjákù irin kan wà nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n béèrè bóyá wọ́n jó o pọ̀ ni àbí wọ́n rọ ọ́. N ò tiẹ̀ ronú dé ibẹ̀. Mo ní wọ́n jó o pọ̀. Ibi tí wọ́n ti mọ ilé alágbẹ̀dẹ tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn. Ó dáa, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tábìlì wa nìyẹn, kò sí nínú òfin.

Sátidé tó kọjá, òpó márùn-ún ti dúdú lórí páálí. Wọ́n dúró níwájú ihò àpáta tí omi aró ti ń jáde. Ìjà 5 ni wọ́n ti jà láti àárọ̀. Àyè kékeré kan ló kù lọ́wọ́ oṣó, ọ̀kan lọ́wọ́ àwòrò. Onímùlẹ̀ ní méjèèjì, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sinmi. Tí wọ́n bá padà sílùú lọ sùn, òpó kẹfà á dúdú. Aago 7 ti kọjá, mo ti ń gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, gbogbo wọn sì dákẹ́, wọ́n ń retí kí tíṣà sọ ohun tó máa ń sọ.

Nọ́ọ̀sì bi ẹ̀gbọ́n pé, “Ẹ̀mí yín kù mélòó?”

Wọ́n ní, “31.”

Tíṣà wo páálí, ó wo ìwé pélébé rẹ̀. Ó ní, “Mo ṣì ní ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n, ẹ síwájú.”